Ẹ̀rọ lathe fún iṣẹ́ ilé: oníbẹ́líìtì ni tàbí oní-nọ́ọ̀bù?

Igi-Yípo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ lathe kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ, tí màá fi máa gbẹ́ abọ́ àti bírò nílé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣí bẹ́líìtì láti orí pulley (kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí lé) kan sí òmíràn kí eré rẹ̀ tó yí padà. Èkejì, nọ́ọ̀bù lásán lẹ máa yí, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù ú lọ dáadáa. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń lo oníbẹ́líìtì, ìṣẹ́jú kan kì í pé kí n tó ṣí i. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra irin ìgbẹ́gi tó dáa àti ohun tí ẹ ó fi máa pọ́n ọn.

Àdùkẹ́ Alábọ́: Ẹ̀gbọ́n, ó ní òun fẹ́ gbẹ́ abọ́ o. Igi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kì í rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń wúwo ju ìkejì lọ. Bí eré ìsàlẹ̀ pátápátá bá jẹ́ kí igi yí po ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan, tí igi yẹn sì fẹ̀ tó ínǹṣì 12, gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Tèmi, láti 200 ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, màá rọra gbé e sókè títí yóò fi fẹ́ gbọ̀n, màá wá dín in kù díẹ̀. Pulley ò lè ṣe ìyẹn.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Bọ́ọ̀dù iná tó wà nínú oní-nọ́ọ̀bù ńkọ́? Lẹ́búlẹ́bú igi wọ ti ọ̀rẹ́ mi kan, bọ́ọ̀dù náà kú, oṣù méjì ni ọ̀rẹ́ mi fi ń retí òmíràn. Bẹ́líìtì tèmi já, ọjọ́ kejì ni mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wáyà Títọ́: Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀bù nìkan dín eré kù, agbára motor ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó ki irin bọ igi, igi á kàn dúró. Ọ̀pọ̀ motor sì wà tó jẹ́ pé ọ̀pá rẹ̀ gan-an ló ń yí fáànù tó ń tù ú: bí ọ̀pá bá ń falẹ̀, motor á gbóná. Èyí tó ní nọ́ọ̀bù *àti* pulley méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ wá. Lórí pulley ìsàlẹ̀ (ti eré kékeré), motor á máa sáré, igi á máa rọra yí, agbára rẹ̀ á sì pé.

Àdùkẹ́ Alábọ́: Òótọ́ gidi. Èmi náà máa ń ṣí bẹ́líìtì sísàlẹ̀ kí n tó gbé abọ́ ńlá sí i.

Igi-Yípo: Eré mélòó ló yẹ abọ́ ínǹṣì 10?

Àdùkẹ́ Alábọ́: Ẹ fi ìbú rẹ̀ ní ínǹṣì pín 6,000, lẹ́yìn náà 9,000. Tiyín á bọ́ sí 600 sí 900. Fún igi tó ti rí róbótó nìyẹn o, èyí tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá nọ́ọ̀bù padà sísàlẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹni tó gbẹ́ bírò lánàá ní 3,000, tó gbé abọ́ sí i lónìí láìwo nọ́ọ̀bù, ewu ńlá ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ wọ ìbòjú tó bo gbogbo ojú.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ó dáa, fún abọ́, mo gbà. Fún bírò, mi ò tíì gbà. Ẹ sáà wo ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀rọ fífúyẹ́ á máa rìn kiri lórí tábìlì.

Igi-Yípo: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ara oní-nọ́ọ̀bù yẹn. 750 ni eré tó kéré jù tí wọ́n kọ sí i.

Àdùkẹ́ Alábọ́: 750? Ẹ má rà á. Ẹ wá èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 250 wálẹ̀.