YouTube Kids nìkan kò tó
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní bí ọmọ bá ti wà lórí YouTube Kids, áàpù fídíò tí Google ṣe fún àwọn ọmọdé, ọkàn òbí balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣa ọ̀pọ̀ fídíò ibẹ̀. Google fúnra wọn sọ pé èyí tí kò dáa lè yọ́ wọlé. Ẹ lọ síbi ètò òbí nínú áàpù náà, kí ẹ yàn án pé kìkì ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí ni kí ọmọ máa wò. Kò ní lè wá nǹkan kiri mọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ máa jókòó tì í náà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, ń wo eré lọ́jọ́ kan, ó ṣàdédé da ojú fóònù délẹ̀, ó sá wá bá mi: "Mọ́mì, èyí ò dáa." Mi ò jágbe mọ́ ọn rí, ìyẹn ló jẹ́ kó lè wá.