Ọwọ́ Òsì Nìkan Kọ́ Là Á Fi Tọ́ Ọmọ

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo dúró létí pápá kan tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kóòṣì wọn kò sinmi. Ọmọ gbá bọ́ọ̀lù síwájú, igbe. Ó dá a padà sẹ́yìn, igbe. Kí ìdajì eré tó pé, àwọn ọmọ náà ò wo ojú rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí, ọwọ́ méjèèjì, òsì ni!

Ẹ bá mi sọ ìtàn Larry Robinson fún un. Ọmọ Kánádà ni, oko màlúù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, difẹ́ńdà ni nídìí họ́kì orí yìnyín. Sáà 17 ló lò ní ẹgbẹ́ Montreal Canadiens, ó sì gba Stanley Cup, ife họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọkùnrin gìrìwò ni. Lọ́dún 1976, ó kọ lu eléré ẹgbẹ́ Philadelphia kan débi pé pákó ẹ̀gbẹ́ pápá tẹ̀ wọnú, wọ́n ní láti fi òòlù lù ú padà. Síbẹ̀, nígbà tó di kóòṣì, oníwà tútù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Lóṣù kẹta ọdún 2000, ẹgbẹ́ họ́kì New Jersey Devils lé kóòṣì wọn nígbà tó ku eré 8 kí wọ́n wọ ìdíje ife, wọ́n sì fa ikọ̀ lé Robinson, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́. Lóṣù karùn-ún, nínú ìdíje ife, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti ń tẹ̀síwájú, Philadelphia na wọn ní eré 3 nínú 4. Ẹ̀kan sí i, ó parí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pàdánù ẹ̀ẹ̀kẹta ni Robinson jágbe, tó ta garawa ìdọ̀tí nípàá. Àwọn Devils borí eré mẹ́ta léra, wọ́n sì lọ gba Stanley Cup lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Dallas.

Mo mọ̀ pé kóòṣì àwọn ọmọdé yẹn á ní, "Ṣé ẹ rí i, igbe ló ṣe é!" Igbe wo? Ẹni tí kì í pariwo ló pariwo, ni wọ́n fi gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń ju sípánà lu ọmọṣẹ́, ẹ̀yin ìyá onírun tó ń bú ọmọ níṣojú oníbàárà, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ta ló fi èébú kọ́ yín?

Lóṣù kejìlá ọdún 2005, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀gá fẹ́ ba ìlera Robinson jẹ́, fúnra rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin, bí orí bá ń fọ́ yín, ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ń ṣe oògùn.