Fájuyì ti gba àmì-ẹ̀yẹ ogun kó tó di gómìnà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1966, ò jagun rí, pé torí ó kú pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, nìkan la ṣe ń pọ́n ọn lé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ọmọ ogun Nàìjíríà tó lọ sí Kóńgò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìwà akin tó hù níbẹ̀ ló sì fi gba Military Cross, àmì-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún akin lójú ogun. Wọn kì í pín ìyẹn bí ìrẹsì òde àríyá o! Lóòótọ́, ikú 29 oṣù Keje, 1966 ló gbé orúkọ rẹ̀ délé dóko. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ọmọ Adó-Èkìtì yìí lákọni ṣáájú.