Ẹ Tẹ Orúkọ Àwọn Tírọ́là Náà Síta

Gáńà ti sún ààlà síwájú. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí Ààrẹ Mahama ti buwọ́ lu òfin ẹja pípa tuntun wọn, ààlà tí tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun, kò gbọdọ̀ kọjá wá sí etí òkun ti kúrò ní máìlì orí omi 6, ó ti di 12. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, máìlì 5 ni òfin ọdún 1992 yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré, 5 náà ló ṣì wà lórí ìwé dòní. Orí ìwé la wí. Ẹ bi àwọn Ìlàjẹ, ẹ bi àwọn Ègùn Àgbádárìgì, bóyá ẹnikẹ́ni ń ka máìlì fún tírọ́là tó bá wọlé lóru.

Ohun tó mú wa tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni ìlànà ọlọ́dún mẹ́wàá, 2025 sí 2034, tí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òkun ń gbé kiri. A ti gbọ́ gbogbo ohun tí Mínísítà Oyètọ́lá àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ: ìdókòwò, iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, ọ̀sìn ẹja. A ò bá ọ̀sìn ẹja jà. Nàìjíríà nílò ẹja tó tó mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù lọ́dún, èyí tí à ń rí fúnra wa kò sì tó ìdajì rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí ti béèrè títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, a ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ tí apẹja lásán lè mú dání: ọkọ̀ wo ló ní ìwé àṣẹ, ta ló ni ín, ibo ló ti ń pẹja?

Bí a bá ti béèrè, ojú ọjọ́ ni wọ́n máa ń nà sí wa. Òkun ti gbóná, wọ́n á ní, ẹja ti kó lọ. Òótọ́ ni. Nínú ooru àfikún tí èéfín epo àti èédú ń dá sílẹ̀ láyé, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tí òkun ń gbà sára. Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, ẹja ilẹ̀ olóoru bíi tiwa sì ti sún mọ́ ibi tí ara wọn lè gbà á dé kí ooru yìí tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá lè lọ á forí lé ibi tó tutù tàbí ibú. Ṣáwá tí wọ́n ń pa ní Gáńà àti Ivory Coast gbára lé omi tútù tó máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, tó ń kó oúnjẹ wá bá a. Ọdún tí omi náà kò bá ru dáadáa, epo ọkọ̀ ni wọ́n kàn ń jó.

Síbẹ̀, ṣáwá tí Gáńà kó gúnlẹ̀ ní 1992 tó 119,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa di 2019, ó ku bíi 12,000. Ẹni tó bá ní ooru nìkan ló jẹ ìyẹn ń tan ara rẹ̀. Tírọ́là tó ń kó ẹja àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré, tó ń dì í, tó sì ń tà á padà fún wọn lórí òkun, òwò tí wọ́n ń pè ní saiko, wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó pọ̀ jù náà wà níbẹ̀. (Gáńà pàápàá kì í ṣe ẹni mímọ́: ní 2025 kan náà, wọ́n yọ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré kúrò nínú ìsinmi ẹja pípa ti oṣù keje.) Bí ooru bá ń dín ẹja kù, ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí ọwọ́ òfin le sí i lórí ìwọ̀nba tó kù. Àwọn aláṣẹ wa ń lo ooru bí ìwé ìyọ̀ǹda láti jókòó.

Ẹ wo ojú àwọ̀n. Mìlímítà 76 ni òfin ní kó jẹ́ níbi ìdí àwọ̀n tírọ́là tó ń wá ẹja. Ti èyí tó ń wá edé, 44. Edé ńlá ló ń lọ sí Yúróòpù, òun ló ń mówó wá. Ibi tí omi kò ti jìn, nítòsí ẹnu odò, ni edé àti ọmọ ẹja jọ ń gbé. Tí wọ́n bá wọ́ àwọ̀n olójú mìlímítà 44 nílẹ̀ òkun níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, gbogbo wọn ló ń kó, èyí tí kò níye lórí á sì padà sómi lókùú. Torí èyí ni wọ́n ṣe ya máìlì 5 náà sọ́tọ̀.

Apẹja dẹ àwọ̀n nírọ̀lẹ́, ó so ike mọ́ ọn kó lè léfòó. Tírọ́là pa iná, ó gba orí rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀, okùn tó já ló bá. Ta ni yóò pè lẹ́jọ́? Bó bá tiẹ̀ rí orúkọ ara ọkọ̀, kò sí ìwé tó máa fi wò ó. Á ra àwọ̀n mìíràn ní gbèsè, á sì lọ jìnnà sí i, pẹ̀lú iye tí bẹntiróòlù dà láti 2023. Ìyàwó rẹ̀ tó ń yan agbọ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wà ní kóòlù-rúùmù, ó ń ra páálí kótè tí wọ́n fi dọ́là rà wọlé, kí ààrò má baà tutù.

Wọ́n á ní òkun fẹ̀, àwọn ò lè wà níbi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́. Mílíọ̀nù 195 dọ́là ni wọ́n ná sórí Deep Blue, ètò ààbò orí òkun ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021: ọkọ̀ ojú omi, bàálù, dúróònù. Àwọn ajalèlókun sá. Irinṣẹ́ tó rí ọkọ̀ ajalèlókun, kí ló dé tí kò rí tírọ́là tó ń wọ́ àwọ̀n lójú etíkun?

Sẹ̀nẹ̀gàl tẹ orúkọ àwọn ọkọ̀ tó ní àṣẹ síta ní 2024, ayé wọn kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ìtanràn fún tírọ́là tó bá rú òfin 1992 yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni yóò tún un ṣe, ìyẹn lè gba àkókò. Ti orúkọ kò gba òfin tuntun, kò gba ìgbìmọ̀, kò gba ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Àbújá. Ọwọ́ àwọn tó ń gbowó ìwé àṣẹ ni fáìlì náà wà. Kí Mínísítà ní kí wọ́n gbé e síta kí oṣù yìí tó parí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù tí apẹja lè pè lóru, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà Ìgbòkòdá àti èbúté Àgbádárìgì.