Ẹ̀rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá Ṣì Wà Nílẹ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kù. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Èrò tiwa ni pé ìpinnu yìí kò tọ́, àti pé kí ó tó wáyé rárá ni ó yẹ kí wọ́n ti tún iṣẹ́ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Bàbátúndé Fáfúnwá lórí fífi Yorùbá kọ́ ọmọ yẹ̀ wò.

Ọmọ Èkó ni Fáfúnwá, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1955, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York. Ó kọ́ni ní Nsukka, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó sì jẹ́ mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992, kí ó tó dágbére fáyé ní ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n ipò kọ́ ni a fi ń rántí rẹ̀. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí iléèwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo tó kù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi wọ́n wé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níbi gbogbo. Ìwé kò sí nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí a kò tíì fi Yorùbá pè rí. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ àwọn ọmọ náà, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta ẹgbẹ́ wọn yọ lápapọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo òbí ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́ kò sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò ti mínísítà. Ọmọ tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ọdún 2022 kò lè jókòó fún WAEC kí ó tó di nǹkan bí ọdún 2034, nítorí náà ìlànà ọdún 2022 kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìfìdírẹmi tí à ń sọ yìí. Ìlànà tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Orí bébà ni ó pọ̀ sí. Ta ni kò mọ iléèwé tí ọmọ ti ń san owó ìtanràn nítorí pé ó sọ “fanákúlà”, ìyẹn èdè abínibí rẹ̀?

A kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Nínú kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò àti ọmọ Ègùn lè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àwọn olùkọ́ mìíràn tí wọ́n jẹ́ Yorùbá gan-an kò sì lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ ni kí a kọ́, ìwé ni kí a tẹ̀. Ìyẹn kò tó ìdí láti pa ètò rẹ́.

Àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá náà kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ní ọdún 2018 tó mú kíkọ́ Yorùbá ní dandan ní iléèwé ìjọba àti ti aládàáni, ìkáwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà. Kí wọ́n yan iléèwé mélòó kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún àwọn ìwé Ifẹ̀ ṣe bá ìgbà mu, kí wọ́n sì wọn àbájáde rẹ̀ ní gbangba. Kí mínísítà náà kó àkọsílẹ̀ tó gbé ìpinnu rẹ̀ lé síta, iléèwé sí iléèwé, kí á lè fi wé ti Modákẹ́kẹ́.