Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rìn ni rádà ń dá mọ̀
Ẹ ní kò sí ohun tó ń rìn tó lè bọ́ mọ́ rádà, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì rédíò jáde tó sì ń gba èyí tó bá padà, lọ́wọ́. Mi ò gbà! Níwájú ilé wa ní Àjàṣẹ́, bí zémidjan (ọ̀kadà) bá ń fọn fèrè bọ̀, ohùn rẹ̀ a han gooro. Bó bá ti kọjá, ohùn náà a wálẹ̀. Irú ìyípadà yìí nínú ìgbì tó padà, tí Doppler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Austria, ṣàlàyé ní 1842, ni rádà fi ń ya ohun tó ń rìn sọ́tọ̀ lára igi àti ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá ní ìbú, tí kò sún mọ́ ọn, tí kò sì jìnnà sí i, ìgbì tó ti ara rẹ̀ padà kì í yí padà, rádà a sì kà á mọ́ igi àti ilé. Ní ti ẹ̀gbọ́n kan nínú yín tó ní rádà ò lè ya ẹyẹ àti dúróònù (ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú) sọ́tọ̀, ó ṣeé ṣe o: apá ẹyẹ tó ń jù àti abẹ̀bẹ̀ dúróònù tó ń yí, àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi sínú ìgbì tó padà.