Títẹ 300 sínú Photoshop kò sọ fótò di tuntun

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ìbéèrè tí ilé ìtẹ̀wé kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ni pé: "Ṣé 300 ni?", ìyẹn ni pé, ṣé ẹyọ àwọ̀ (pixel) 300 ló máa wà nínú ìǹṣì kan lórí bébà? Ẹ máa gbọ́ ọ ní Kétu, ẹ máa gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀ náà. Látàrí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe gráfíìkì ti gbà pé fótò tó bá jẹ́ 72 kò dáa, àti pé bí a bá ti pa 72 yẹn rẹ́, tí a kọ 300 síbẹ̀, fótò náà ti tó tẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí, nítorí àfíìṣì ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ni ìgbàgbọ́ yìí ń bàjẹ́ jù, àwọn ohun tí ẹbí máa ń tọ́jú títí di ọjọ́ alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú fótò kan tó fẹ̀ tó 1200 pixel, tó ga tó 1600. Pixel ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, inú wọn ló wà. Nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fótò ṣe, ẹ ṣí "Taille de l'image" (ìwọ̀n fótò), ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí "Rééchantillonnage" (èyí tó ń yí iye pixel padà), kí ẹ wá yí 72 padà sí 300. Pixel ṣì jẹ́ 1200 lọ́nà 1600. Bí fótò náà yóò ṣe tóbi tó lórí bébà nìkan ló yí padà: ní 72, yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42, ní 300, yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 péré. Bí ẹ bá tún wá fà á títí ó fi kún ojú ìwé A4, ẹ ti tú àwọn pixel náà ká padà, 300 yẹn ti di asán.

Àwọn mìíràn máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú àpótí náà. Èyí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ, torí pé fótò náà á tóbi lóòótọ́. 1200 á di 5000, 1600 á di 6667. Ohun tí kò tó mílíọ̀nù 2 pixel á di mílíọ̀nù 33. Níbo ni mílíọ̀nù 31 tó lé ti wá? Photoshop ló wo àwọn pixel tó wà nítòsí ara wọn, tó sì fojú bu àwọ̀ tó yẹ kó wà láàárín wọn. Omi la bù sí ọbẹ̀ yẹn: ìkòkò kún, ẹran kò lé. Ìpéǹpéjú tí kámẹ́rà kò rí, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà méjèèjì ní orísun wọn. Kọ̀ǹpútà Macintosh tó jáde ní 1984 ní pixel 72 nínú ìǹṣì kan lójú rẹ̀, ibẹ̀ la ti jogún 72. Ní ti 300, àwọn atẹ̀wé offset (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá) tó ń lo ìlà àmì yíǹkì 150 nínú ìǹṣì kan máa ń béèrè pixel ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó tún bá ojú wa mu: ohun tí a bá gbé sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, ẹni tó ń ríran dáadáa kò lè fi bẹ́ẹ̀ ya àmì 300 inú ìǹṣì kan sọ́tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá sún sẹ́yìn tó mítà 3, nǹkan bí 30 ti tó. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti béèrè 300 fún bánà mítà 4 lọ́nà mítà 2 tí ẹni tó wà lórí zémíjàn (ọ̀kadà) máa wò kọjá ní Ouando. Fáìlì bẹ́ẹ̀ á ju bílíọ̀nù kan pixel lọ. Kọ̀ǹpútà á dákú lásán.

Ohun tó ń pa fótò wa gan-an ni ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n olóògbé á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àbúrò á yà á láti ojú fóònù rẹ̀, ọmọ á tún fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán. WhatsApp máa ń dín fótò kù bí a kò bá fi ránṣẹ́ bíi document. JPEG, irú fáìlì tí a sábà fi ń pa fótò mọ́, náà ń pín fótò sí àpótí kéékèèké, pixel 8 lọ́nà 8, á sì sọ ohun tó rò pé ojú kò ní kíyèsí nù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ tún fi JPEG pa á mọ́, á tún sọ díẹ̀ nù. Nítorí náà, ẹ fi PSD tàbí TIFF, irú fáìlì tí kì í sọ nǹkan nù bẹ́ẹ̀, ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ lọ sílé wọn, kí ẹ ní kí wọ́n ṣí álíbọ́ọ̀mù. Fótò bébà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà 15, tí ẹ bá skáànì rẹ̀ ní 600, á fún yín ní nǹkan bíi 2360 lọ́nà 3540 pixel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún A4 ní 300. Lórí skáànà, nọ́ńbà ní agbára, torí òun ló ń pinnu iye pixel tí ẹ̀rọ máa kó.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ AI tó ń sọ fótò kékeré di ńlá, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Wọ́n ń ṣẹ̀dá ojú ni, wọn kì í rí i. Àwọn àgbà wa tó kọ ilà, ẹ̀rọ náà lè ka ilà wọn sí ìhunjọ awọ tàbí ìdọ̀tí bébà, kó nù ún kúrò. Bàbá tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní jẹ́ bàbá tí wọ́n ń sin mọ́. Bí ẹ bá lò ó, ẹ fi ojú tuntun náà han àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Bí atẹ̀wé bá ṣì tẹnu mọ́ 300, ẹ kọ ọ́ fún un, kí àpótí "Rééchantillonnage" ṣáà wà láìní àmì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba owó àsansílẹ̀, ẹ wo iye pixel tí fótò náà fẹ̀ tó, kí ẹ fi ìǹṣì tí iṣẹ́ náà máa fẹ̀ pín in, sẹ̀ǹtímítà 2.54 ni ìǹṣì kan. Bó bá ju 200 lọ fún ohun tí wọ́n máa mú lọ́wọ́, ẹ ṣe é. Bí kò bá tó 150, ẹ sọ fún ẹbí lójú ẹsẹ̀, ẹ lo fótò náà ní kékeré, kí ẹ fi orúkọ olóògbé kún ààyè tó kù.